Mẹ́dàì Bàbá Àgbà Tí Mo Lọ Gbà ní Míséè

Ẹ gbọ́ ná, kí ló kù tí ẹ ò tíì sọ nípa mi? Mo ní mo rí obìnrin tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun lọ́sàn-án gangan, nínú ooru Sokodé, tó ń fi ìka méjì gbé nǹkan bàbá àgbà mi bí ẹni gbé ẹyin, ẹ wá ń bi mí pé kí ló burú níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló burú! Ẹni tí kò fẹ́ jí nǹkan, kí ló fẹ́ fi ìbọ̀wọ́ ṣe? Ẹ̀yin ará Kambolé tí ẹ máa ń pariwo "Mẹ́dàì! Mẹ́dàì o!" tí mo bá ń kọjá lórí mọ́tò, ìdajì ìtàn náà lẹ gbọ́. Bí mo bá darúgbó títí tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ mẹ́ta yẹn ò ní kúrò lọ́kàn mi, láti Àlàmísì sí Sátidé. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà.

Zẹ́mì, mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń gbé èrò, ni mo ń wà ní Sokodé, Kouloundè ni mo ń gbé. Lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, madáàmù kan gun ẹ̀yìn mọ́tò mi. Ó ní òun ń ṣiṣẹ́ ní míséè, ilé tí wọ́n ń kó nǹkan àtijọ́ sí káwọn èèyàn lè máa wá wò ó, òun sì ń lọ Kambolé. Owó àtijọ́ ló ń wá kiri: owó ẹyọ, owó àwọn Jámánì, kọ́bọ̀ oníhò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́dàì àwọn sójà, títí kan irin tí wọ́n fi ń tẹ owó. Mo ní kò burú, ẹni tó mọ̀nà ló bá pàdé. Èmi fúnra mi ni mo mú un wọlé tọ Ìyá Àgbà lọ, ìyá tó bí bàbá mi.

Ìyá Àgbà ní mẹ́dàì fàdákà kan. Àwọn Faransé ló fi fún bàbá àgbà mi, kó tó kú, nítorí pé ó ṣe sójà fún wọn nílẹ̀ òkèèrè. Orí obìnrin kan wà lójú ẹ̀, alágbẹ̀dẹ kan ní Tchamba sì lu ihò sí i létí kó lè ṣeé fi okùn so. Nílé wa, kò sí ọmọ tí wọ́n bí tí wọn ò ju mẹ́dàì yẹn sínú omi ìwẹ̀ ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Wọ́n jù ú sí ti bàbá mi, wọ́n jù ú sí tèmi. Alùfáà ti bínú títí ó ti sú u. Ìyá Àgbà ní òun ò pè é ní àdúrà, ìwẹ̀ lòun pè é.

Ní gbogbo Jímọ̀, ó máa ń fi eérú àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ mẹ́dàì náà, á dán bí dígí. Gbogbo ẹni tó ní fàdákà ní Kambolé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, tí fàdákà bá dúdú, a mọ̀ pé ẹni tó ni ín ti kú, tàbí pé ọ̀lẹ ni.

Bí madáàmù ṣe rí i, ojú ẹ̀ là. Ó ní kí Ìyá Àgbà fi yá míséè fún ọdún méjì péré. Ìyá Àgbà kọ̀. Èmi ni mo dá sí i.

"Ìyá Àgbà, wọ́n máa kọ orúkọ ọkọ yín sára ògiri o."

"Ògiri wọn ni n ó fi wẹ ọmọ?"

"Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, mà á lọ gbé e wá fún yín. Ọrùn mi ni kí ẹ gbé e kọ́."

Ó wò mí bí ẹni ń wo iṣu tí kò dá a lójú. "Ọrùn ẹ tínínrín," ló wí. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ka sórí bébà. Madáàmù fún un ní ẹ̀dà kan, ó ká a sínú àpótí aṣọ ẹ̀.

Ó wá di Àláàdì kan, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọ ọkùnrin. Ìsọmọlórúkọ bọ́ sí Àláàdì tó tẹ̀ lé e. Ìyá Àgbà pè mí lórí fóònù, kò kí mi, kò bi mí pé ṣé mo jẹun: "Ọmọ ti dé. Mẹ́dàì dà?"

Ní Àlàmísì, mo lọ sí míséè. Inú àpótí dígí ni wọ́n to gbogbo ẹ̀ sí. Mo ń wo orúkọ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi rí ti bàbá àgbà mi, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Inú mi dùn. Mo wá gbójú sókè wo ohun tó wà lórí orúkọ náà.

Ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Mo fi imú kan dígí. Dúdú. Mo bọ́ sápá òsì. Dúdú. Mo ní wọ́n ti ṣe wá. Wọ́n ti gbé ti gidi lọ, wọ́n fi èédú rọ́pò.

Mo yíjú, mo rí tábìlì kan tí kò ní dígí. Irin iṣẹ́ ló wà lórí ẹ̀: òòlù, ẹ̀mú, ìkòkò amọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń yọ́ irin, àti irin kúkúrú méjì tó wúwo, tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí lójú. Wọ́n ya àwòrán bí wọ́n ṣe ń lò ó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: fi fàdákà sáàárín irin méjèèjì, la òòlù mọ́ ọn, owó dé. Mo ní háà! Ilé tó ní irin tí wọ́n fi ń tẹ owó, ṣé mẹ́dàì kan ló máa wá le fún wọn láti tẹ̀?

Láàárín àwọn irin yẹn gan-an, mẹ́dàì kan wà níbẹ̀ tó ń dán gbinrin. Orí obìnrin kan náà ló wà lójú ẹ̀. Wọ́n fi bébà kékeré síwájú ẹ̀, wọ́n kọ "copie" sí i, ìyẹn ni pé àdàkọ ni.

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ẹ wo ọgbọ́n olè! Ta ló máa jí àdàkọ? Ẹni tó bá fẹ́ fi ojúlówó pamọ́ fún ọ, gbangba ló máa gbé e sí, á sì kọ àdàkọ sí i nídìí.

Ẹ̀yin tí orí yín pé, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Ihò ńkọ́? Òótọ́ ni, èyí tó dúdú ló ní ihò létí, èyí tó ń dán ò ní. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró. Mi ò dúró. Mo ní àwọn tó ní òòlù, tó ní ẹ̀mú, tó ní ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ irin, ihò kan ṣoṣo ni wọn ò ní lè dí? Wọ́n ti dí ti gidi, wọ́n wá lu òmíràn sára ayédèrú! Mo tiẹ̀ yin ara mi pé mo gbọ́n.

Ìgbà yẹn ni madáàmù jáde wá. Faransé la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo ní mẹ́dàì wa ni mo wá gbà. Ó ní kò sí wàhálà, ó ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó ṣí dígí, ó gbé èyí tó dúdú jáde, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré kan, ó sì kọ bó ṣe wúwo tó sínú ìwé.

"Kí ló dé tó fi dúdú?"

"Fàdákà ni. Tó bá pẹ́ láìfọ̀, afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ dúdú. Àwa kì í fọ̀ ọ́, torí fífọ̀ máa ń jẹ ojú ẹ̀."

Afẹ́fẹ́! Ṣé kò sí afẹ́fẹ́ ní Kambolé ni?

"Ìbọ̀wọ́ yẹn ńkọ́?"

"Òógùn ọwọ́ máa ń bà á jẹ́."

Mo mi orí bí ẹni tó gbà. Nínú mi, mo ní kì í ṣe òógùn, kí àwọn jẹ́ńdámù, ọlọ́pàá wa, má bàa rí ojú ìka ẹ̀ lára ẹ̀ ni.

Ó ní dirẹ́tẹ̀, ọ̀gá àwọn, ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lu bébà kí ohunkóhun tó jáde, dirẹ́tẹ̀ sì wà ní Lomé. Kí n fi nọ́ńbà mi sílẹ̀, òun á pè mí, a máa rí i gbà kó tó di Àláàdì. Bí mo ṣe gbọ́ Lomé, ọ̀rọ̀ parí lójú mi. Gbogbo nǹkan tí ẹ ò ní fojú kàn mọ́ láyé, Lomé ni wọ́n máa ń sọ pé ó lọ.

Mi ò tiẹ̀ jáde kí n tó pe ẹ̀gbọ́n mi. Iwájú obìnrin náà ni mo dúró sí, mo ń fi Yorùbá pariwo sínú fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, olè ni wọ́n! Ẹ wò ó, ojú ẹ̀ ti jọ ti olè tẹ́lẹ̀! Ó wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bí ewúrẹ́!" Madáàmù tẹ orí ba, ó ń kọ̀wé ẹ̀ lọ. Mo ní kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀yà Tem ti Sokodé ni.

Ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo padà lọ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Madáàmù ti gé ìkòkò àlòkù kan sí wẹ́wẹ́, ó ń fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń tẹ owó láyé àtijọ́. Ó gbé òòlù sókè. Gbàà! Àwọn ọmọ hó. Gbàà! Wọ́n tún hó, wọ́n ń tira wọn kí wọ́n lè wò ó. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mẹ́dàì tó ń dán ti wà lápò mi.

Mi ò jalè o. Nǹkan wa ni mo mú. Bí mo ṣe ń sọ fún ara mi nìyẹn títí mo fi dé ìdí mọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò gbà á gbọ́, ṣe ló ń sáré. Mo tún rí i pé ó fúyẹ́. Mo ní ẹ wo ìkà, wọ́n ti ha inú ẹ̀!

Kí n tó dé Tchamba, fóònù mi ti dún nígbà mẹ́fà. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀. Mo ní wọ́n ti mọ̀, wọ́n fẹ́ fi ohùn dídùn fà mí padà. Mi ò gbé e. Ní Tchamba, mo yà jẹ ẹ̀wà. Mi ò tíì bu ṣíbí mẹ́ta tí ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò bíi ti jẹ́ńdámù fi wá jókòó tì mí. Ó wo ojú mi, ó wo àpò mi. Mo fi ẹ̀wà sílẹ̀, mo fi ṣéńjì mi sílẹ̀, mo gun mọ́tò. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹyin awó ni bàbá náà ń tà, ó fẹ́ bi mí bóyá mo máa rà ni. Mo pa fóònù.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí mo dé Kambolé. Mo fi mẹ́dàì sí Ìyá Àgbà lọ́wọ́, mo dúró bí ọmọ tó fẹ́ gba oríyìn. Kò wò ó rárá. Ó kọ́kọ́ jù ú sókè díẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Ó wá tẹ̀ba, ó fi í kan ọlọ. Ó dún "kó", bí ọmọrí ìkòkò.

"Èyí kì í ṣe ti ọkọ mi."

"Ìyá Àgbà, ẹ wò ó dáadáa."

"Kí ni mo fẹ́ wò? Ti ọkọ mi máa ń ké ni. Èyí ń wúkọ́."

Bí èèyàn tó ní làákàyè bá gbọ́ èyí, á sọ pé háà, èmi ni mo ṣìṣe. Èmi fò sókè! "Mo sọ ọ́! Mo sọ fún gbogbo yín! Wọ́n ti fi ayédèrú pààrọ̀ ẹ̀!"

"Ṣé àwọn ló gbé e fún ẹ?"

"Ẹ̀n... ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́."

Ká ní Ìyá Àgbà nìkan ló wà níbẹ̀ ni, ì bá tẹ̀ mí nínú títí n ó fi jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Ráfíù, àbúrò bàbá mi, ti gbọ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti jogún inú fùfù. Ó ní ará Kambolé kì í ṣe ọmọdé, wọn ò lè fi ẹ̀jẹ̀ bàbá òun jẹun. Nígbà tó máa fi di àárọ̀ Sátidé, ó ti wá ọkọ̀ akẹ́rù, àwa mọ́kànlá ló kó sẹ́yìn ẹ̀. Iṣu tún wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ó ní ọkọ̀ kì í lọ Sokodé lófo, tí a bá jà tán, a máa tà á. Ìyá Àgbà jókòó níwájú, ó di nǹkan kan sétí ìró. Láti Kambolé dé Tchamba, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Láti Tchamba dé Sokodé, mo tún sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sì ti tún un sọ, madáàmù yẹn tún ń burú sí i.

A bá a lẹ́nu ọ̀nà míséè. Mo bẹ́ sílẹ̀ ṣíwájú gbogbo ènìyàn, mo na mẹ́dàì sókè.

"Ẹ wá wò ó o! Ẹ wo ohun tí wọ́n fi rọ́pò nǹkan bàbá wa! Olè!"

Àwọn tó ń kọjá dúró. Àwọn zẹ́mì ẹgbẹ́ mi pa mọ́tò. Madáàmù wo ọwọ́ mi, ó mí kanlẹ̀. Ó wá rọra kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ó sì la ẹnu:

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ kú ọ̀nà. A kú oríire ọmọ tuntun. Ọlọ́run á wò ó."

Yorùbá! Yorùbá tó dán mọ́rán ju tèmi lọ!

"Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni ìyá mi," ló wí. Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ náà káàbọ̀. Èmi agbẹ̀bí ewúrẹ́ ni mò ń kí ẹ."

Mo wá ilẹ̀ tó máa lanu gbé mi mì, gbogbo ilẹ̀ Sokodé kọ̀.

Madáàmù ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. "Ìyá, àwọn ọmọ ilé-ìwé kì í lè fọwọ́ kan ti ọkọ yín. Nítorí ẹ̀ la ṣe ní kí àwọn tó ń rọ ìkòkò bá wa rọ irú ẹ̀ kan tí wọ́n lè máa gbé. Ẹnì kan ti jí i lánàá. Irin ìkòkò lásán ni. Ṣé ẹnì kankan bá mi rí i?"

Ojú mọ́kànlá, pẹ̀lú ti àwọn èrò ọ̀nà, gbéra lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ sórí ọwọ́ mi. Ọwọ́ mi ṣì wà lókè. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Ó fa bébà kan yọ. Dirẹ́tẹ̀ ti dé láti Lomé ní Jímọ̀, ó ti buwọ́ lù ú. Ìgbà mẹ́fà ló ní òun pè mí kí n wá gbé e.

Bàbá Ráfíù ní òun fẹ́ lọ wo iṣu òun.

Ìyá Àgbà ti kọjá lára wa. Ó wọlé, ó ní kí wọ́n gbé mẹ́dàì dúdú yẹn fún òun, ó fi í kan àtẹ̀gùn símẹ́ńtì. Ó ké: gbiiin! Ó tú etí ìró ẹ̀. Eérú! Ọsàn wẹ́wẹ́!

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́!" Madáàmù fẹ́ẹ̀ sunkún.

"Ta ló ni ín?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa." Ó fi àtàǹpàkò yí i lẹ́ẹ̀mẹta, ojú obìnrin inú mẹ́dàì náà yọ jáde láti inú òkùnkùn, funfun báláú. Ìyá Àgbà fi í kan ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ṣùgbọ́n madáàmù na ọwọ́ sí i. Ó ní òun ò fẹ́ pe jẹ́ńdámù. Àmọ́, ó ku ọdún kan kí ọdún méjì yẹn pé, mẹ́dàì gbọ́dọ̀ padà wá lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, bí dirẹ́tẹ̀ bá sì gbọ́ pé ará ilé náà ti jalè níbí, bébà yẹn kò ní wúlò mọ́. Kí ni òun máa fi han dirẹ́tẹ̀ pé ó máa padà? Mo rí i tí Ìyá Àgbà di mẹ́dàì mú gbágbá. Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ. Nítorí mi, ọmọ yẹn lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nílé wa tí wọ́n máa wẹ̀ nínú omi lásán.

Ìyá Àgbà yíjú sí i. Ó ní, "Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ṣé ìyá ẹ sọ fún ẹ nípa ìwọ̀fà?"

"Ó sọ fún mi, Ìyá. Ẹni tí wọ́n fi dúró, tó ń ṣiṣẹ́ títí nǹkan fi máa padà."

"Mo fi èyí dúró." Èmi ló nàka sí. "Ó ń jẹun púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ilẹ̀ gbá."

"Ìyá Àgbà! Ìsọmọlórúkọ ńkọ́? Àgbò ńkọ́?"

"Àgbò ò béèrè ẹ."

Madáàmù rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá yẹn: mẹ́dàì kan jáde, ọmọkùnrin kan wọlé. Ó ku díẹ̀ kó gbé mi sórí òṣùwọ̀n.

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé mẹ́dàì lọ, tí wọ́n ta iṣu tán, tí wọ́n fi mí sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àláàdì, tí wọ́n ń jẹ ẹran ní Kambolé, èmi ń nu dígí. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fídíò, ó fi ọmọ hàn mí nínú omi, mẹ́dàì ń dán lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ọmọ ń ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ó wá fi àwo ẹran hàn mí. Ó jẹ́ kí ó pẹ́ lójú mi dáadáa.

Ní ọjọ́ kẹrin ni wọ́n dá mẹ́dàì padà. Nígbà yẹn, mo ti mọ orúkọ gbogbo owó tó wà níbẹ̀, mo ti ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé wí pé "ẹ má fọwọ́ kàn án, òógùn ọwọ́ máa ń bà á jẹ́." Mo dọ̀bálẹ̀ fún madáàmù kí n tó lọ. Ó ní kí n dìde, eruku wà nílẹ̀, mi ò gbá a dáadáa.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá ń wá ojú olè káàkiri, ẹ ní kó kọ́kọ́ wo àpò ara ẹ̀. Tí mo bá rántí ọwọ́ mi lókè lọ́jọ́ yẹn, mo máa ń dá nìkan rẹ́rìn-ín lórí mọ́tò, àwọn èrò ẹ̀yìn mi á ní kí n wo ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ. Ẹ̀yin tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ bọ́ sí bàtà mi. Nǹkan tí wọ́n fi wẹ bàbá yín, tí wọ́n fi wẹ ẹ̀yin náà, ẹ wá bá a nílé onílé tó dúdú kirikiri, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ló ṣe é. Ẹ fọwọ́ sáyà, ẹ má parọ́ fún mi. Ṣé ẹ̀yin ì bá dákẹ́?